Má tíì ṣe t-test yẹn

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ọmọ Amẹ́ríkà 24 tó ń kọ́ Yorùbá, o fi ọ̀rọ̀ méjì méjì bí ọkọ àti ọkọ̀, igba àti igbà sí wọn létí, wọ́n sì ń dáhùn pé "ọ̀kan náà ni" tàbí "wọ́n yàtọ̀". Alábòójútó rẹ ní kó o fi iye tí wọ́n gbà nínú ọgọ́rùn-ún ṣe t-test (ìdánwò tó ń wo bóyá iye àárín méjì yàtọ̀) nínú SPSS kó lè tètè parí, o wá ń béèrè bóyá kó o kọ́ R. Ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò ni méjèèjì. Irú ìmọ̀ràn tí wọ́n fún èmi náà nìyẹn. Ojú mi rí màbo.

Ẹni méjì nínú iṣẹ́ mi gba 75%. Ìbéèrè 20 ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, 20 ni kò ti yàtọ̀. Ẹnì kìíní mú 15 nínú èyí tó yàtọ̀, ṣùgbọ́n ó tún pe 5 tí kò yàtọ̀ ní èyí tó yàtọ̀. Ẹnì kejì, bí kò bá ti dá a lójú, "ọ̀kan náà ni" ló ń sọ: ó mú 10 péré, kò sì ṣi ẹyọ kan nínú èyí tí kò yàtọ̀. d-prime, ìwọ̀n kan tó ń fi iye tí èèyàn mú wé iye tó ṣì pè, ló ń ya ohun tí etí gbọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó mọ́ ẹnu lára. Ti ẹnì kìíní jẹ́ nǹkan bíi 1.3, ti ẹnì kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2. (Òdo kì í jẹ́ kó ṣeé ṣírò, fi 0.5 kún iye ìdáhùn, kó o fi 1 kún 20 kó o tó pín in.) Ohun tí mo ṣe nígbà náà ni pé mo sọ ìpín èyí tí wọ́n mú àti ìpín èyí tí wọ́n ṣì pè di z (ìwọ̀n bí iye ṣe jìnnà sí àárín), mo wá yọ èkejì lára èkíní. Fún irú iṣẹ́ tìrẹ, tí wọ́n ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ méjì jẹ́ ọ̀kan náà, dprime.SD inú psyphy (àkójọ irinṣẹ́ kan fún R) ló bá a mu jù.

Ibi tó dùn mí jù, ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ 16 ni mo lò, R ní òun rí 27. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí epo jẹnẹrétọ̀ ń gbẹ, tí mò ń bá àwọn ọmọ tó bá mi tẹ èsì jà. Àṣé ọ̀ kan ṣoṣo lè gba ọ̀nà mẹ́ta wọ fáìlì: ọ lódindi kí àmì ohùn wá gùn ún, ò lódindi kí àmì abẹ́ tẹ̀lé e, tàbí kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá dúró. Lójú èèyàn, ọkọ̀ kan ni. Lójú R, ọkọ̀ mẹ́ta. Mo sanwó fún ẹnì kan tó ń fi ìṣirò ṣe iṣẹ́ jẹun, ó ní kí n yọ gbogbo àmì kúrò. Yọ àmì kúrò! Kí ọkọ àti ọkọ̀ di ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé ìyàtọ̀ wọn gan-an ni mò ń wá. stri_trans_nfc inú stringi, irinṣẹ́ R mìíràn tó ń sọ ọ̀nà mẹ́ta yẹn di ọ̀kan, ló kó mi yọ, ìlà kan péré. Tó bá jẹ́ Windows lo ń lò, má lo R tó ṣáájú 4.2, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ <U+1ECD> lo máa rí níbi tó yẹ kó o ti rí ọ.

Ìyókù ò le: glmer inú lme4 (irinṣẹ́ R tó ń ṣírò lórí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan), kí ẹni àti ọ̀rọ̀ jẹ́ random effects, ìyẹn ni pé kó mọ̀ pé àwọn tó o mú kàn ń ṣojú fún àwọn yòókù ni. Àti ọ̀rọ̀ o! Ẹni tó wá láti ìta wá yẹ iṣẹ́ mi wò bi mí pé tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo mú ńkọ́? Mo kàn ń wò bọ̀ọ̀. Alábòójútó mi tó ní kí n ṣe t-test jókòó síbẹ̀, ó ń wo aago.

Ó tún ku kan. Ohùn ìsàlẹ̀ tó bá parí ọ̀rọ̀ máa ń rọ̀ wálẹ̀ bí kò bá sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan lo gbà sílẹ̀, ó lè jẹ́ ìrọ̀sílẹ̀ yẹn ni wọ́n ń gbọ́. Fi Praat, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ ohùn wò, wò ó.

SPSS náà ní GENLINMIXED tó lè ṣe irú iṣẹ́ glmer yẹn, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni R. Kọ́kọ́ fi ìlà mẹ́wàá inú fáìlì rẹ síbí ná, kí n wo àwọn àmì yẹn.