Bí ẹ bá ń kó ọmọ lọ sí odò Current nígbà àkọ́kọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ètò o. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó ìyàwó àti àwọn ọmọ yín, ọmọ ọdún 9 àti 12, lọ wa káyáàkì, ọkọ̀ kékeré tí a ń fi àjẹ̀ wà, ní Missouri, pé kò sí ẹni tó wà á rí nínú yín, ẹ sì ń wá odò tí kò le. Odò Current ni kí ẹ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti lọ láti St. Louis, ti àkọ́kọ́ ló sì kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Inú ọgbà Ozark National Scenic Riverways ló wà. Ọdún 1964 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà yà á sọ́tọ̀ láti dáàbò bo odò yìí àti odò Jacks Fork. Omi ìsun ló ń bọ́ wọn, ìyẹn ni wọ́n fi mọ́ gaara tí ẹ ó máa ka òkúta ìsàlẹ̀. Ìyẹn náà ni wọ́n fi tutù: omi ìsun yẹn kì í kúrò ní nǹkan bíi 58 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, nínú ooru oṣù Keje pàápàá.

Láti Akers sí Pulltite ni kí ẹ mú, ibi méjì tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ tí wọ́n sì ti ń sọ̀ lórí odò náà, bíi máìlì 10. Ẹ gbé mọ́tò yín sí Pulltite, kí àwọn tó ń yáni lọ́kọ̀ gbé yín lọ sí Akers, kí ẹ wá máa bá omi bọ̀ wá bá mọ́tò. Máìlì 10 kéré lójú ẹni tó ń wa mọ́tò, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọmọ lórí omi, ẹ ka wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹ ti wà lórí omi ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ má lọ ní Sátidé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù ni ti igi tó wó sómi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, èmi àti ìyàwó mi jọ wà nínú káyáàkì ẹlẹ́ni méjì. Omi ń rọra lọ, àwa ń tàkurọ̀sọ, a dé kọ́nà kan. Bí odò bá ń ṣẹ́ kọ́nà, ẹ̀gbẹ́ ìta ni omi ti ń sáré jù, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹ ilẹ̀ nídìí igi títí igi á fi ṣubú. Igi ńlá kan ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ wà nínú omi. Omi ń gba àárín ẹ̀ka kọjá, èèyàn kò lè gbà á. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, mo mọ ọ̀sà, ṣùgbọ́n ọ̀sà kò gbé mi lọ lu igi báyẹn rí. Ọkọ̀ wa dábùú, ó lọ lù ú. Mo fà sẹ́yìn kúrò lára igi. Etí ọkọ̀ tó kọjú sí omi rì, omi ya wọlé, a dojú dé kí n tó ṣẹ́jú.

Omi náà kò ju àyà mi lọ, àmọ́ òtútù rẹ̀ gba èémí lẹ́nu mi, n kò lè ké. Ìyàwó mi wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó, ó léfòó lọ sí èbúté. Tèmi wà lábẹ́ ìdí mi nínú ọkọ̀, mo fi ṣe tìmùtìmù. Mo di ẹ̀ka kan mú, èèpo rẹ̀ ń ṣí lábẹ́ ìka mi. Bàbá òyìnbó kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ló ju okùn sí mi.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí igi lókèèrè, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà kúrò lápá ibẹ̀. Ẹ máa gba ẹ̀gbẹ́ inú kọ́nà, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ wà. Bí omi bá wá gbé yín lù ú náà, ẹ fara tì í, ẹ dì mọ́ ọn, ẹ má fà sẹ́yìn. Kí àwọn ọmọ fi ara ṣe é lórí ilẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ibi tí ojú yín kò bá dé òpin kọ́nà, ẹ gúnlẹ̀, kí ẹnìkan fẹsẹ̀ lọ wò ó.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì méjì ni kí ẹ yá, àgbà kan sí ọmọ kan, ọmọ níwájú. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ kúrò lára ẹnikẹ́ni. Ẹ fà á sókè ní èjìká ọmọ: bó bá dé etí rẹ̀, ó ti tóbi jù. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ẹ dì í sínú àpò tí omi kì í wọ̀, kí ẹ so ó mọ́ ọkọ̀. Tèmi lọ lọ́jọ́ náà, kò sí nẹ́tíwọ̀kì, alẹ́ lẹ́ wa bá lẹ́bàá odò. Ìgò kò gbọdọ̀ dé orí omi. Bí òjò ńlá bá rọ̀ mọ́jú tí omi pọ́n, ẹ sún un síwájú.

Ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà ni Cave Spring wà, ihò àpáta tí omi ìsun ń gbà jáde. Ẹ lè wa ọkọ̀ wọ ẹnu rẹ̀. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ọmọ mi obìnrin pa tirẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó ní ká dákẹ́, a sì ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán láti òkè àpáta sórí ọkọ̀ wa.