Èsì: Meridian ti jọ́gíráfì àti ti oníṣègùn Ṣáínà

Àǹtí wa, ẹ ní ṣé meridian tí tíṣà jọ́gíráfì ọmọ yín ń sọ náà ni èyí tí oníṣègùn Ṣáínà n'Íkẹjà ń gún lábẹ́rẹ́. Rárá o, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ti Ṣáínà ni ipa ọ̀nà tí wọ́n gbà pé agbára ń tọ̀ nínú ara. Bí dókítà bá la ara, kò ní bá a níbẹ̀.

Ti jọ́gíráfì gan-an ló dùn. Ìlà tí ojú ò rí ni, láti òkè téńté ayé ní àríwá dé ìsàlẹ̀ pátápátá ní gúúsù. Ti Greenwich, ní London, ni wọ́n fi ṣe òdo ní 1884. Ó gba Tema ní Gánà kọjá. Ìlà tó wà ní ìwọ̀n (degree) 15 sí ìlà-oòrùn Greenwich ni aago Nàìjíríà ń tẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ Èkó ò ju nǹkan bí ìwọ̀n 3.4 lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni oòrùn fi ń kọjá ìwọ̀n kan. Ẹ ṣírò ẹ̀: ní ìpíndọ́gba, oòrùn ò ní kàntàrí l'Ékòó títí di nǹkan bí 12:46. Nínú oṣù kejì, ó ń sún mọ́ 1:00. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, nǹkan bí 12:30. Ẹ wo ìwé àkókò ìrun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri mọ́ṣáláṣí àdúgbò yín, Àìlà kì í wọlé ní 12:00 géérégé. Ládàánì ò pẹ́ o!

“m” inú a.m. àti p.m. lórí fóònù yín náà bá meridian tan: “meridiem” ni, ọ̀sán gangan ló dúró fún.