Ẹ Bi Wá: Orin Ọ̀kẹ́sítírà ní Pápá Lẹ́yìn Òjò

Àwọn òǹkàwé wa ní ilẹ̀ Òkun ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ̀wé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń bèèrè: báwo ni èèyàn ṣe ń gbádùn orin ọ̀kẹ́sítírà (ẹgbẹ́ ńlá àwọn onífáólíìnì, onífèrè àti onílù) tí wọ́n bá ṣe é ní gbangba bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀? A mú mẹ́rin nínú lẹ́tà wọn.

Òkun o, ẹ̀yin olóòtú. Ìlà iwájú pátá ni mo jókòó sí, lápá ọ̀tún. Bàsì nìkan ni mò ń gbọ́, mi ò gbúròó fáólíìnì. Ṣé ẹ̀rọ ló bàjẹ́ ni? (Kábà)

Òkun o. Ẹ̀rọ kọ́, ibi tí ẹ jókòó sí ni. Bí a bá kọjú sí àwọn olórin, àwọn onífáólíìnì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń wà lọ́wọ́ òsì wa, ṣẹ́lò àti bàsì (fáólíìnì ńláńlá tí ohùn wọn wà nílẹ̀) lọ́wọ́ ọ̀tún, onífèrè onígi láàárín, onífèrè idẹ àti onílù lẹ́yìn pátá. Nínú gbọ̀ngàn, ògiri àti òrùlé á dá ohùn padà sí etí, gbogbo rẹ̀ á pò pọ̀. Ní pápá, ohùn tó bá ti kọjá yín ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá kúrò ní mítà 10 bọ́ sí 20, agbára ohùn tó dé etí yín á ku ìdá kan nínú mẹ́rin.

Fún ẹgbẹ́ tó tó èèyàn 40, ẹ wá àárín gbùngbùn, ní nǹkan bíi mítà 10 sí 20. Kí ẹ tó tẹ́ ẹní, ẹ na ańkáṣíìfù sókè. Bí atẹ́gùn bá ń gbé e láti ọ̀dọ̀ wọn wá sọ́dọ̀ yín, ibẹ̀ dára. Atẹ́gùn òkè yára ju ti ilẹ̀ lọ, òun ló ń tẹ ohùn wálẹ̀ sétí ẹni tó ń fẹ́ lọ bá, tó sì ń gbé e fo orí ẹni tó wà lódìkejì. Ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ jìnnà sí alákàrà pẹ̀lú, bó ti wù kí òórùn rẹ̀ fani tó: epo tó ń ta ṣàṣà a máa bo fáólíìnì tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Kí ló dé tí àwọn olórin fi ń yí ohun èlò wọn ṣáá láti tún ohùn rẹ̀ ṣe? Wọ́n yí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún yí i láàárín eré. (Mọ́pà)

Fèrè kan tó ń jẹ́ oboe ló ń fún wọn ní ohùn kan tí wọ́n ń pè ní A, tó ń gbọ̀n nígbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn yòókù á sì tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́, tó bá fi máa di agogo 7, ilẹ̀ ti tutù. Okùn irin tó tutù á sún kì, á le sí i, ohùn rẹ̀ á gòkè. Ti fèrè yàtọ̀: ohùn kì í sáré nínú afẹ́fẹ́ tútù bíi ti gbígbóná, nítorí náà ohùn fèrè á wálẹ̀. Ọ̀kan ń gòkè, èkejì ń sọ̀kalẹ̀. Bí wọn ò bá tún un ṣe, ẹni tí etí rẹ̀ mú á gbọ́ ìjà.

Ìdí nìyí tí ìparí Oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá fi wù wá jù. Òjò ti dín, ọyẹ́ kò tíì dé. Ọyẹ́ ló ń gbẹ igi fáólíìnì tí èèkàn okùn rẹ̀ fi ń yọ̀, igi náà gan-an sì lè là.

Bí òjò bá dé ńkọ́? (Ẹ̀gbẹ̀)

Àwọn onífáólíìnì ló máa kọ́kọ́ sá, ẹ má bínú sí wọn. Àtè tí wọ́n fi awọ ẹran sè ló sábà máa ń so igi fáólíìnì pọ̀, omi sì lè tú u. Réńkóòtù ni kí ẹ mú wá, kì í ṣe agboòjò tó máa bo ojú ẹni ẹ̀yìn. Ẹ tẹ́ nálọ́ọ̀nù sábẹ́ ẹní, torí ilẹ̀ á ṣì tutù. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn nítorí ẹ̀fọn, ẹ má sì sun oògùn ẹ̀fọn nítòsí wọn: onífèrè tó bá mí èéfín sínú kò ní lè fọn ún dáadáa.

Màmá mi fẹ́ ná olùdarí lówó bí orin bá dùn. Ṣé ó burú? Ìgbà wo la sì ń pàtẹ́wọ́? (Ìsánlú)

Ẹ bá wa kí màmá, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí owó náà wà nínú pọ́ọ̀sì ná. Owó tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ iwájú orí onífáólíìnì á já bọ́ sórí okùn. Bí olùdarí bá sì gbójú kúrò lára àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n lè ṣìnà. Ẹ fi sínú àpò ìwé, kí ẹ fún wọn lẹ́yìn eré.

Ní ti àtẹ́wọ́, orin ńlá máa ń ní apá púpọ̀. *African Suite* tí Fela Sowande, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ orin ọ̀kẹ́sítírà, kọ ní 1944 ní apá 5, ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàárín wọn kì í sì í ṣe òpin. Ẹ wo ọwọ́ olùdarí: títí tó fi máa sọ ọ́ kalẹ̀, tó sì yíjú sí yín, ẹ dúró. Bó bá ṣèèṣì bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa lé yín. Ní 1778, Mozart, gbajúgbajà tó ń kọ orin ọ̀kẹ́sítírà ní Yúróòpù, kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ láti Paris, inú rẹ̀ dùn pé àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ nígbà tí orin òun ṣì ń lọ lọ́wọ́.