Ohun tí ìbọn ìléwọ́ ti kọ́ mi láti ọdún 2012

Àbúrò mi, o ní àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn mú ọ lọ sí ibùdó ìyìnbọn lẹ́ẹ̀mejì ní Houston níbí, ọkàn rẹ sì ti fà sí i. O ti gba gríìn káàdì, o wá fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ tìrẹ. O béèrè irú èyí tó yẹ kí o rà, iye tí eré yìí ń jẹ lóṣù, àti bí yóò ṣe rí nínú ilé tí ọmọ ọdún mẹ́rin àti ọmọ ọdún méje wà, nígbà tí ìyàwó rẹ kò tíì fọwọ́ sí i. Láti ọdún 2012 ni mo ti ń yìnbọn sí àmì, mo sì ti san owó ẹ̀kọ́ tí mi ò fẹ́ kí ìwọ náà san. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ló yẹ kó ṣáájú.

Lóṣù kẹta ọdún 2014, mo jókòó sí yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì wa, mo fẹ́ nu ìbọn mi. Glock 19 ni, kò sì ṣeé tú palẹ̀ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ fa tírígà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹni tó fẹ́ tú u gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú pé kò sí ọta kankan nínú rẹ̀. Bó ṣe yẹ kí a ṣe é ni pé kí a yọ àpò ọta kúrò ní ìdí ìbọn ná, kí a tó wá fa irin òkè sẹ́yìn kí ọta tó wà nínú ọ̀pá lè fò jáde. Èmi yí i po. Irin òkè ni mo kọ́kọ́ fà, ọta kan fò jáde, ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irin náà ṣe ń padà síwájú, ó ti gbé ọta mìíràn láti inú àpò sínú ọ̀pá, kí n tó wá yọ àpò náà. Mo gbé ọta tó fò jáde sórí tábìlì, mo ń wò ó, mo sì gbà pé kò kù sí kan. Mo kọjú ìbọn sí ògiri, mo fa tírígà.

Ògiri inú ilé wa níbí kì í ṣe bíríkì, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù; pátákó ẹfun pẹlẹbẹ méjì ni, òfìfo ló sì wà láàárín wọn. Ọta náà gba inú méjèèjì kọjá bí ẹni gba inú páálí, ó wọ yàrá ìfọṣọ, ó dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó sì dúró sáàárín aṣọ iléèwé àwọn ọmọ mi tó wà nínú omi. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí ìyàwó mi kúrò níwájú ẹ̀rọ yẹn lọ mú ọṣẹ ní ilé ìdáná. Mi ò gbọ́ igbe rẹ̀, nítorí ariwo ìbọn nínú yàrá kékeré ti di etí mi pa. Mo kàn rí i lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Omi ń ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn, òórùn ẹ̀tù sì ti gba gbogbo ilé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni etí mi fi hó. Títí di òní, bí mo bá rántí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dúró sínú omi yẹn, ọwọ́ mi a máa gbọ̀n.

Kì í sì í ṣe pé wọn kò kọ́ mi nílé. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi lágbègbè Oǹdó, ó ní ìbọn ṣákàbùlà kan tó fi ń lé ẹranko kúrò lóko. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, mo fi igi gbẹ́ ìbọn, mo sì kọjú rẹ̀ sí àbúrò mi kan nílé. Bàbá gba igi náà lọ́wọ́ mi, ó dá a sí méjì, ó ní: «Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun?» Ohun kan náà ni òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni ní àwọn ibùdó ìyìnbọn Amẹ́ríkà ń sọ, èyí tí Jeff Cooper, ológun tó di olùkọ́ ìbọn ní Arizona, fi ṣáájú àwọn òfin mẹ́rin rẹ̀: gbogbo ìbọn ni ọta wà nínú rẹ̀. Mo mọ òfin náà lórí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, ọwọ́ mi ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, kí o tó na owó kọ́bọ̀ lórí ìbọn, ra àpótí irin, kí o sì fi bóòlù dè é mọ́ ilẹ̀ tàbí mọ́ igi ògiri. Orí kọ́bọ́ọ̀dù kọ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ́, inú báàgì ìyàwó kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin mọ ibi tí ẹ ń fi bisikíìtì pamọ́ sí, kò sì sí ibi tí o rò pé ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó tí kò ní fi àga débẹ̀. Òfin Texas, ìpínlẹ̀ wa yìí, náà kò gbojú fò ó: bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá rí ìbọn tó ní ọta nínú mú nítorí àìbìkítà ẹni tó ni ín, ẹni náà ni yóò jẹ́jọ́. Má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ mọ́jú. Ìbọn tí olè jí nínú ọkọ̀ kì í padà wálé, o kò sì ní mọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí yóò wà lórí rẹ̀.

Ní ti rírà, ó dára pé o ti gba gríìn káàdì, torí ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti iṣẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn lọ́wọ́, àfi àwọn àyè díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀, ìwọ yóò kún fọ́ọ̀mù 4473, ìwé ìbéèrè ìjọba àpapọ̀ nípa ẹni tó fẹ́ ra ìbọn, o sì gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 21 kí wọ́n tó ta ìbọn ìléwọ́ fún ọ. Dáhùn gbogbo ìbéèrè ibẹ̀ ní òtítọ́, títí kan èyí tó wà lórí igbó mímu, nítorí òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba ẹni tó ń mu igbó láyè láti ní ìbọn, kódà bí ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá fàyè gba igbó. Irọ́ kan ṣoṣo lórí ìwé yẹn lè ba gbogbo ohun tí o fi ọ̀pọ̀ ọdún wá jẹ́.

Irú èyí wo? Ra ọ̀kan péré, kó má kéré jù, kó sì máa jẹ ọta mílímítà 9. Láti ọdún 1902 ni ọta yẹn ti wà, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí o kò ti ní rí i, kì í sì í ta ọwọ́ sẹ́yìn jù. Glock 17 tí àwọn ọmọ ogun Austria gbà ní ọdún 1982, tàbí Glock 19 tó kúrú jù ú lọ díẹ̀, dára. Àwọn mìíràn náà wà tó dára bákan náà. Lọ yá mẹ́rin tàbí márùn-ún níbi tí wọ́n ti ń yáni, kí ọwọ́ rẹ yàn fún ọ. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó ra kékeré kan tó rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún ìyàwó. Èmi náà rà á. Ìbọn kékeré kì í ní ìwúwo tó máa gba agbára ọta mọ́ra, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ló ń dé ọwọ́ ẹni. Ọta mẹ́fà péré ni ìyàwó mi yìn, ó gbé e kalẹ̀, kò sì pa dà débẹ̀ fún ọdún méjì. Ohun tó mú un padà ni ìbọn .22, irú tó ń jẹ ọta tíntín, tí mo gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀, tí kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mi ọwọ́. Bí mo bá ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ lónìí, òun ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ pé ọ̀kan péré nítorí èmi ra mẹ́ta ní ọdún kan. Gbogbo ọta mi ń lọ sí ìsàlẹ̀ àmì lápá òsì, mo sì gbà pé ìbọn ni kò dára, ni mo bá ra òmíràn, lẹ́yìn náà mo tún ra òmíràn. Nígbà tó yá, mo lọ bá obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìyìnbọn lọ́jọ́ Sátidé. Ó gba àpò ọta mi, ó kẹ̀yìn sí mi, ó fi àwọn ọta oníke tí kì í dún sáàárín àwọn gidi, kò sì sọ ibi tó fi wọ́n sí. Ọta kìíní dún, èkejì dún. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, mo fa tírígà, kò dún, ṣùgbọ́n ẹnu ìbọn tẹ̀ wálẹ̀ bí orí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá létí. Ó ní: «Ṣé o rí i? Ariwo tí kò tíì dún ni ara rẹ ń sá fún.» Mo ti ná ohun tó lé ní 1,000 dọ́là lórí ìbọn méjì tí mi ò nílò, nígbà tó jẹ́ pé wákàtí kan lọ́dọ̀ obìnrin yẹn, ní 60 dọ́là, ló tú àṣírí náà.

Oògùn rẹ̀ kò gbówó lórí. Lálaalẹ́, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo máa ń fa tírígà ìbọn tí kò sí ọta nínú rẹ̀ sí àmì kékeré kan tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri bíríkì ìta, láti inú gáréèjì. Láti ọdún 2014, ọta kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ìbọn tí mo fẹ́ fi ṣe èyí. Mo máa ń yọ àpò, mo máa ń fa irin òkè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo máa ń wo inú ọ̀pá, mo sì máa ń ki ìka ọmọńdinrín mi bọ̀ ọ́ kí n lè fọwọ́ bà á pé òfìfo ni, nítorí ojú mi ti tàn mí rí.

Ìnáwó oṣooṣù kò le bí o kò bá sọ ọ́ di ìdíje. Mo máa ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, 100 ọta lẹ́ẹ̀kan. Páálí 50 ọta mílímítà 9 tí mo ń ra ní 11 dọ́là ní ọdún 2019, mo san 45 dọ́là lórí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń rà á lásìkò kòrónà. Ó ti wálẹ̀ báyìí, bí 100 dọ́là lóṣù sì tó mi, pẹ̀lú owó ibùdó. Má ṣe fi etí rẹ ṣeré. Ariwo ìbọn yìí máa ń tó ìwọ̀n 160 dẹ́síbẹ́lì, 140 sì ti tó láti ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà fi ìdíti fóòmù sínú, kí o sì fi ìbòtí lé e. Òjé, tó jẹ́ májèlé, wà nínú èéfín ìbọn. Fi omi tútù àti ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ojú, kí o sì pààrọ̀ aṣọ kí o tó gbé ọmọ rẹ mọ́ra.

Nípa ìgbésí ayé ojoojúmọ́, ohun tí mo rí ni pé ìbọn gba ìbínú kúrò lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ti pé ọdún 21 ní Texas lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n mo ṣì ń tún tèmi gbà, torí ó wúlò ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo bá gbé e, bí ẹnikẹ́ni bá já wọ iwájú mi lójú ọ̀nà 59, mo máa ń yà fún un, mi ò kì í fọn fèrè, mi ò kì í wo ojú rẹ̀. Ẹni tó gbé ìbọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìjà òpópónà. Òwàḿbẹ̀ ọjọ́ Sátidé wa náà, ìbọn kì í bá mi lọ. Ọtí wà níbẹ̀, ijó wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń dì mọ́ ìbàdí ẹni. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe níbẹ̀? Ilé ìwòsàn tí o ti ń ṣiṣẹ́, ilé ìfìwéránṣẹ́ àti iléèwé àwọn ọmọ rẹ, yọ wọ́n kúrò lọ́kàn rẹ, kí o sì mọ pátákó pupa 51% tó wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé ọtí, èyí tó ń sọ pé ìbọn kò gbọdọ̀ wọlé. Bí mo bá ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Maryland, ilé ni ìbọn wà, nítorí ìwé àṣẹ Texas kò níyì níbẹ̀.

Báàgì tó ti dé ibùdó ìyìnbọn kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú láé. Mo ti rí ọta kan tó sápamọ́ sí ìdí àpò mi ní alẹ́ tó ku ọ̀la kí n lọ sí Èkó, mo sì jókòó sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ara mi tó balẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí a fòfin dè, àfi pẹ̀lú ìwé àṣẹ Ààrẹ. Kì í ṣe ohun tí o fẹ́ máa ṣàlàyé ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbá gọ́ọ̀fù. Mo fẹ́ràn ayò ọlọ́pọ́n, mo sì fẹ́ràn èyí nítorí ohun kan náà: ogójì ìṣẹ́jú tí fóònù kò sí láyé, tí mo gbọ́ èémí ara mi, tí àṣìṣe mi hàn lórí bébà kedere tí kò sí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi.

Ìyàwó rẹ wá ńkọ́? Má ṣe rà á pa mọ́ fún un, má sì ṣe fi ọ̀rọ̀ olè dẹ́rù bà á. Jẹ́ kó bá ọ yan àpótí irin náà, kó sì jẹ́ pé òun ni yóò sọ ibi tí yóò wà. Tiwa, èmi àti ìyàwó mi nìkan la mọ nọ́ńbà rẹ̀, òun ló sì ń yan òmíràn lọ́dọọdún, lọ́jọ́ tí ihò yẹn bọ́ sí.