Kí ló dé tí wọn kì í fi oògùn HIV tuntun wé oògùn asán?

Ẹ béèrè pé kí ló dé tí ìwádìí oògùn HIV fi ń wá bí tuntun "kò ṣe rẹlẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀", tí wọn kì í kúkú fi wé oògùn asán, ìyẹn èyí tó jọ oògùn ṣùgbọ́n tí kò ní èròjà tó ń wo àìsàn.

Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ ti wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á lọ́wọ́ aláìsàn nítorí ìwádìí. Torí náà, èyí tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń fi tuntun wé, kí wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ rárá, wọ́n á ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí tuntun ṣe lè rẹlẹ̀ sí i mọ. Nínú ìwádìí ADVANCE, tí wọ́n fi èèyàn 1,053 ṣe ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, ìdá 10 nínú 100 ni ààlà náà. Wọ́n ka àwọn tí kòkòrò HIV inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó 50 nínú mílílítà kan ní ọ̀sẹ̀ 48: ìdá wọn níhà oògùn tuntun kò gbọ́dọ̀ fi ju 10 nínú 100 lọ kéré sí ti oògùn àtijọ́.

Ibi tó gba àròjinlẹ̀ ni ẹni tí kò wá. Ẹ wo aláta kan ní Bódìjà: àárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò gan-an ni ọkọ̀ tòmátì dé láti Òkè Ọya. Ta ni yóò já apẹ̀rẹ̀ fún un? Bí kò bá lọ, wọ́n sábà máa ń kà á mọ́ àwọn tí oògùn kò ràn. Bí irú wọn bá pọ̀ níhà méjèèjì, èsì oògùn méjèèjì á sún mọ́ra, èyí tó rẹlẹ̀ á sì dà bí ẹgbẹ́ èkejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún ìṣirò ṣe pẹ̀lú àwọn tó lò ó déédéé nìkan.

Ọ̀sẹ̀ 48 náà kéré lójú mi. Sísanra tí ADVANCE rí lára àwọn tó ń lo dolutegravir, oògùn tuntun tí wọ́n dán wò níbẹ̀, ṣì ń pọ̀ sí i títí di ọ̀sẹ̀ 96.