Ìdílé Druitt: Ta Ni Dókítà Nínú Wọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí, Blackheath ni mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní Montague John Druitt, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fura sí pé òun ni Jack the Ripper (apààyàn tó pa àwọn obìnrin ní Whitechapel, ní London, ní 1888, tí a kò mọ ẹni tó jẹ́ títí dòní), ti ṣe tíṣà ládùúgbò yìí rí. Ibì kan ní dókítà ni, ibòmíràn ní lọ́yà ni, wọ́n tún ní wèrè wà nínú ìran wọn. Níbo ni mo ti lè rí òótọ́ nípa ìdílé rẹ̀? Àbí wèrè ìyá rẹ̀ ti tó ẹ̀rí pé òun ló pa àwọn obìnrin Whitechapel? (Tíṣà, Lewisham)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o kú làálàá. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ọ̀rọ̀ dókítà yẹn ti wá. Ní oṣù Kejì 1894, Melville Macnaghten, ọ̀gá kan ní Scotland Yard, oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá London, kọ orúkọ afurasí mẹ́ta sílẹ̀, Druitt ló sì kọ́kọ́ kọ. Ó ní wọ́n sọ pé dókítà ni, ó ní àwọn ẹbí rẹ̀ pàápàá gbà pé òun ni apààyàn náà. Nínú ẹ̀dà mìíràn, ó ní ẹni ọdún 41 ni. Bẹ́ẹ̀ ọdún 1889 ni Macnaghten wọṣẹ́ ọlọ́pàá, ìpànìyàn 1888 kò ṣojú rẹ̀. Àgbọ́sọ ni.

Ìwé ìjọba ni kí o gbá mú. Láti 1 oṣù Keje 1837 ni wọ́n ti ń forúkọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ ní England àti Wales, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n sì ń ka èèyàn. 15 oṣù Kẹjọ 1857 ni wọ́n bí Druitt ní Wimborne, ní Dorset. Ẹni ọdún 31 ló kú, kì í ṣe 41. Nínú ìkànìyàn 1861, ọmọ kékeré ni nílé bàbá rẹ̀. Má wá a sílé ní 1871 o, ó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ Winchester. Ní 1881, nọ́ńbà 9, Eliot Place, Blackheath lo máa bá a, tíṣà ni. Ní 1885 ó di lọ́yà, kò sì fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀.

Ta wá ni dókítà? William, bàbá rẹ̀, dókítà oníṣẹ́ abẹ ni. Robert, arákùnrin bàbá rẹ̀, dókítà ni. Lionel ọmọ Robert, dókítà ni. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àṣìṣe Macnaghten ti wọlé: ó gbọ́ iṣẹ́ ìdílé, ó gbé e lé ọmọ lórí.

Má gba gbogbo ohun tí ìwé ìròyìn bá kọ gbọ́, bó ti wù kó pẹ́ tó. Inú odò Thames ní Chiswick ni wọ́n ti rí òkú Druitt ní 31 oṣù Kejìlá 1888. Ìwé ìròyìn àdúgbò kọ ohun tí William Harvey, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ lọ́yà ní Bournemouth, sọ níbi ìjókòó ìwádìí ikú náà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti lé olóògbé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà, pé 30 oṣù Kejìlá ni. Báwo? Òkú náà ti lò tó oṣù kan nínú omi, tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè tó wà lápò rẹ̀ sì jẹ́ ti 1 oṣù Kejìlá! Ọ̀pọ̀ olùwádìí gbà pé oṣù Kọkànlá ló yẹ kí wọ́n kọ. Ìwé ìròyìn yẹn náà ló ní, yàtọ̀ sí ìyá, olóògbé kò ní ẹbí mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ọmọ méje ni wọ́n.

Ní ti wèrè, òótọ́ ni pé oṣù Keje 1888 ni wọ́n gbé Ann, ìyá rẹ̀, lọ sílé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ, irú ilé bẹ́ẹ̀ ló sì kú sí ní 1890. Druitt kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó kú pé ẹ̀rù ń ba òun pé òun máa dà bí ìyá òun. Ṣùgbọ́n irú ìwádìí tí àwọn àgbà wa ń ṣe kí ọmọ tó fẹ́ ọmọ, “ṣé wèrè ò sí nílé wọn?”, àna ni wọ́n fi ń yàn, wọn kì í fi í mú apààyàn. Àìsàn ìyá yẹn lè jẹ́ ká mọ ohun tó ń jẹ ọkùnrin náà lọ́kàn. Kò sọ ẹni tó mú ọ̀bẹ dání. Láàárọ̀ 8 oṣù Kẹsàn-án 1888 tí wọ́n pa Annie Chapman ní ìdájí, Druitt wà lórí pápá Blackheath ní aago mọ́kànlá ààbọ̀, ó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn kò dá a láre, ṣùgbọ́n ó wúlò ju wèrè ìyá lọ.

Tọ William Harvey lẹ́yìn báyìí. Bí ẹbí bá fura lóòótọ́ bí Macnaghten ṣe wí, òun ló súnmọ́ ọn jù: òun ló lọ béèrè àbúrò rẹ̀ ní Blackheath, òun ni Druitt sì kọ ìwé tó kọ kó tó kú yẹn sí.