Ẹ Bi Àǹtí: Wọ́n Ní Kí N Mọ Ìkòkò 80, Mo Bá Dákẹ́

ÌBÉÈRÈ

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ Ìsàn-Èkìtì ni mí, ọmọ ọdún 29. Màmá mi ń mọ ìkòkò, ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ ọ kí n tó lọ ṣe OND nínú ìṣirò owó. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń mọ ìkòkò fláwà, mo máa ń gbé fọ́tò wọn sórí status WhatsApp mi, àwọn ará Adó àti Ìkẹ́rẹ́ sì máa ń rà á ní méjì mẹ́ta. Màdáámù kan wá pè mí, ó ní òun rí ìkòkò mi níbi ìgbéyàwó kan, òun ń kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sí Adó tí wọ́n máa ṣí nígbà Kérésì, òun fẹ́ 80, irú èyí tó ga dé orúnkún tí mo máa ń ṣe gan-an, kí n fi iye tí mo máa gbà ránṣẹ́. Inú mi dùn títí ilẹ̀ fi ṣú, ìgbà tó dòru mi ò lè sùn mọ́. Mi ò kàwé iṣẹ́ ọnà, mi ò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìnkùlé màmá mi la ti ń ṣe é, 20 là ń sun lẹ́ẹ̀kan, mẹ́ta sí mẹ́rin sì máa ń fọ́ nínú ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá gbà á, àṣírí mi máa tú pé mi ò mọ̀ ọ́n tó bí wọ́n ṣe rò. Ọjọ́ 11 rèé tí mi ò fèsì. Ó tún kí mi lánàá, mo kà á, mo gbé fóònù kalẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n júwe ẹlòmíì tó kàwé ẹ̀ ní yunifásítì fún un. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?
— Ọmọ Alámọ̀, Ìsàn-Èkìtì

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, rárá o, má tíì júwe ẹnikẹ́ni. Àyà mi já níbi tí o ti ní o kà á o gbé fóònù kalẹ̀, torí èmi náà ti ṣe é rí. Aṣọ ni mò ń rán nígbà yẹn lÁdó, ilé ìwé kan ní kí n wá rán aṣọ eré fún ọmọ 120, mo ní ara mi ò yá. Irọ́ ni, ẹ̀rù ló bà mí. Ẹlòmíì gbà á. Lọ́jọ́ eré, mo lọ jókòó sẹ́yìn, mo ń wo gbogbo ojú abẹ́rẹ́ onítọ̀hún, àwọn kan tiẹ̀ ti ń tú lábíyá, kò sí òbí tó rí i, gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́ fáwọn ọmọ wọn. Mo sunkún délé lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe torí owó o, torí pé mo mọ̀ pé mo lè rán an jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ni mo sì fẹnu ara mi kọ̀ ọ́.

Wo bí ọ̀rọ̀ tìẹ ṣe rí. Ìwọ kọ́ lo lọ bá màdáámù yìí pé kó ràn ọ́ lọ́wọ́, kò mọ̀ ọ́ rí, ìkòkò rẹ ló rí kó tó wá ẹ dé ibi tó o wà. Kò béèrè sátífíkéètì. Ohun tó fẹ́ rà ló fojú ara ẹ̀ rí, ìwọ wá ń bá a wá ìdí tí kò fi yẹ kó rà á.

Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ló jọ pé ó ń dùn ọ́ jù. Tó o bá ní 20 náírà lọ́wọ́, yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Obìnrin tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀ yẹn, Ladi Kwali ni, ọmọ Gwari láti abúlé Kwali. Àǹtí ẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé, bí màmá rẹ ṣe kọ́ ọ. Tó bá ń mọ ọ́, ìkòkò á dúró sójú kan, òun ló máa ń rìn yí i ká, á máa lẹ amọ̀ mọ́ ọn títí á fi ga. Irú ìkòkò yẹn ló wà láàfin ẹ́míà Àbújá ayé ìgbà yẹn (ìlú tó ń jẹ́ Suleja báyìí) tí Michael Cardew, òyìnbó amọ̀kòkò, fi rí iṣẹ́ ẹ̀, ní 1954 ló wọ ibùdó ìkọ́ṣẹ́ tí òyìnbó náà dá sílẹ̀. Nígbà tó yá ó mọ ìkòkò lójú àwọn èèyàn ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, Yunifásítì Ahmadu Bello sì fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ dé ojú wọn, oyè ló tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́, ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yẹn, apá kan ẹ̀ jóòótọ́. Ìkòkò 80 pọ̀. Ìyẹn ò wá ní kó o sá, ìṣirò ló fẹ́, ìwọ lo sì kàwé ìṣirò owó nínú àwa méjèèjì! Tó o bá sun 20, tí mẹ́rin fọ́, 16 lo ní. Sísun ẹ̀ẹ̀marùn-ún máa gbé ọ dé 80 gẹ́lẹ́, kò ní sí àlékún kankan, torí náà fi ẹ̀ẹ̀mẹfà ṣe é, ìyẹn ni pé ìkòkò 120 lo máa mọ. Owó igi, owó amọ̀ àti wàhálà 120 yẹn ni kó o fi lé owó tó o máa sọ fún un, má fi ti 80 nìkan lé e. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa tá à ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ ti ń jẹ gbèsè nìyẹn, a máa ń ṣe bí ẹni pé èyí tó bà jẹ́ ò gba owó.

Òjò wá ńkọ́? Oṣù kẹsàn-án la wà, amọ̀ ò lè tètè gbẹ. O mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ìkòkò tó bá nípọn tí omi ṣì wà lára ẹ̀ nígbà tí iná dé, omi yẹn á di ooru, á máa wá ọ̀nà àtijáde, wàá kàn gbọ́ gbàà! Àpáàdì ẹ̀ á tún lọ ṣe èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ léṣe. Bẹ̀rẹ̀ sí mọ ọ́n báyìí, sá a sábẹ́ òrùlé, fún un láyè dáadáa, kó o tó kó wọn síná gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ lé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ṣì tutù, fi í sílẹ̀. Má gbàgbé ihò ìsàlẹ̀ tí omi fláwà máa gbà jáde, ìgbà tí amọ̀ ṣì rọ̀ la máa ń lu ú o. Tọ́yẹ́ bá ti dé, sísun á rọrùn.

Ìwọ nìkan kọ́ lo sì máa ṣe é. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrèǹgbè. Bẹ màmá rẹ, san owó fún wọn bí òṣìṣẹ́, má sọ pé ìyá mi ṣáà ni, wá ọmọ méjì sí i tó máa gún amọ̀. Ọlọ́wẹ̀ tó ń gbẹ́gi ní Ìsẹ̀-Èkìtì, tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní London ní 1924, tó wà ní British Museum dòní, ó ní àwọn ọmọṣẹ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ náà ni gbogbo ayé ń pè é.

Ó ku ọ̀rọ̀ màdáámù. Ọjọ́ 11 tó o fi dákẹ́ yẹn ni mo kà sí àṣìṣe, òun nìkan. Má ṣàlàyé tó gùn, má purọ́ àìsàn bíi tèmi. Kọ nǹkan báyìí sí i lálẹ́ òní kó o tó sùn:

"Ẹ káalẹ́ mà. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì. Mo lè mọ ìkòkò 80 náà. Mo máa gbé 40 wá níparí oṣù kọkànlá, 40 yòókù kí Kérésì tó ku ọ̀sẹ̀ kan. Mo máa kọ́kọ́ gbé méjì wá kẹ́ ẹ fojú rí i. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ máa san ìdajì owó kí n tó ra igi. Iye rẹ̀ rèé mà."

Kó o wá kọ iye yẹn síbẹ̀, èyí tó o fi 120 ṣírò, má dín in kù kó tó ní kó o dín in. Tó bá ní ó ti pọ̀ jù, 40 nìkan náà ṣì jẹ́ iṣẹ́ gidi. Tó bá sì ti rí ẹlòmíì láàárín ọjọ́ 11 yìí, ó máa dùn ọ́, mi ò ní sọ pé kò ní dùn ọ́, àmọ́ o ti ní iye owó àti ìṣirò nílẹ̀ fún ẹni tó bá tún pè.

Bá mi kí màmá dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ti sun ti àkọ́kọ́, kọ̀wé sí mi, mo fẹ́ mọ iye tó fọ́.